Owó ọkọ̀ àti yíyan ọ́fíìsì: ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò mẹ́ta ló pè mí lẹ́ẹ̀kan náà

Agùnbánirọ̀ Òmù-Àrán kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi nínú iṣẹ́ òfin. Ọmọ Ìkìrun ni mí, Fásitì Ìlọrin ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti Bwari ni mo sì lọ kí wọ́n tó gbà mí sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò. Òmù-Àrán ni mo ti ń sin ilẹ̀ baba wa lọ́wọ́ báyìí, oṣù mẹ́ta ló sì kù kí n parí. Nínú ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò mẹ́sàn-án tí mo kọ̀wé sí, mẹ́ta ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀kan wà ní Victoria Island, èkejì wà ní Ìkẹjà, ẹ̀kẹta sì ní ọ́fíìsì sí Èkó àti sí Àbújá. Ilé-iṣẹ́ kẹta yìí ní kí n kọ ibi tí mo bá fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó sọ ibi tí wọn yóò ti rí mi.

Ohun méjì ló ń dà mí láàmú. Ti àkọ́kọ́ ni owó. 77,000 náírà tí ìjọba ń san fún agùnbánirọ̀ lóṣù ni mo gbójú lé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi bọ́ sí. Bí mo bá lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ebi ni n óò fi oṣù náà jẹ. Èkejì ni ti ọ́fíìsì: ṣé Èkó ni kí n kọ ni, àbí Àbújá, àbí kí n kọ pé ibikíbi tí wọ́n bá fi mí sí ló tẹ́ mi lọ́rùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Lọ́yà Ọ̀nà Táíwò kọ pé:

Àbúrò, o kú oríire. Kí mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án pe èèyàn kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n má tíì san owó ọkọ̀ kankan. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà kì í ṣe àṣẹ kóòtù tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rú. Akọ̀wé ọ́fíìsì ló wo kàlẹ́ńdà ọ̀gá rẹ̀ tó sì mú ọjọ́ tó ṣófo, bí o bá sì tètè kọ̀wé padà sí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó lè rí ọjọ́ mìíràn tó ṣófo fún ọ.

Nígbà tí èmi ń wáṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Èkó láàárín oṣù kan ṣoṣo, nítorí pé ojú ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọ̀nà mi jìn. Ní ìgbà kẹta, mo dé ọ́fíìsì náà ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, wọ́n ní ọ̀gá ti lọ sí kóòtù, kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jókòó sórí àga onírin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, mo ṣí ìwé kékeré tí mo ń kọ ìnáwó mi sí: owó ọkọ̀ láti Ìlọrin dé Berger, owó dánfó, owó ọ̀kadà, búrẹ́dì àti ẹ̀wà, owó ẹni tó bá mi lọ aṣọ. N kò tíì bá agbẹjọ́rò kankan sọ̀rọ̀, owó oúnjẹ oṣù kan ti wọlẹ̀. Ká ní mo ti pe fóònù wọn ní ọjọ́ tó ṣáájú ni, n kì bá tí kúrò nílé.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Wo èyí tí ọjọ́ rẹ̀ le jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí o gba ọjọ́ náà bí wọ́n ṣe dá a, kí o wá kọ̀wé sí àwọn yòókù pé: "Mo dúpẹ́ púpọ̀ fún ìpè yín. Òmù-Àrán ní Ìpínlẹ̀ Kwara ni mo wà, n óò sì wà ní Èkó láti ọjọ́ báyìí títí di ọjọ́ báyìí. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn láti rí mi ní ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yìí, inú mi yóò dùn." Kò pọn dandan kí o dárúkọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó pè ọ́, kò sì yẹ kí o purọ́ bí wọ́n bá béèrè. Agbẹjọ́rò tó ń lọ sí kóòtù mẹ́ta lọ́sẹ̀ mọ ohun tí ìrìn-àjò ń náni.

Má fi méjì sí ọjọ́ kan náà o, pàápàá Victoria Island àti Ìkẹjà. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n pè ní agogo mẹ́wàá lè máà bẹ̀rẹ̀ títí di agogo méjìlá, ibi tí o bá sì ti ń wo aago ni ọ̀rọ̀ yóò ti máa jábọ́ lẹ́nu rẹ. Bí wọ́n bá fún ọ ní Ọjọ́ Ẹtì, béèrè àárọ̀, nítorí ìrun Jímọ̀. Bó ò tilẹ̀ kírun, ẹni tí yóò fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò lè jẹ́ ẹni tó ń kírun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì sún mọ́ ìparí oṣù keje, rántí pé ọ̀pọ̀ kóòtù ń lọ fún ìsinmi ọdọọdún wọn títí wọ inú oṣù kẹsàn-án. Àwọn ọ̀gá kan máa ń ráyè nígbà náà, àwọn mìíràn a sì ti rìn lọ sí òkè òkun, nítorí náà béèrè bóyá ẹni tó pè ọ́ yóò wà nílé.

Ohun kan tún wà tí àwọn agùnbánirọ̀ máa ń gbàgbé: o kò gbọdọ̀ fi ìpínlẹ̀ tí o ti ń sìn sílẹ̀ láìgba àyè. Kọ̀wé sí ọ́fíìsì àjọ agùnbánirọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, kí o sì mú ẹ̀dà lẹ́tà ìpè náà dání. Ìdí mìíràn tí ìrìn-àjò ẹ̀ẹ̀kan fi sàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nìyẹn.

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kọ pé:

Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ ló dára, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò tíì sọ̀rọ̀ nípa bíbéèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó pè é. Èmi béèrè, wọ́n sì san án.

Àlàájà Agbẹjọ́rò kọ pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ́ ọmọ yìí ní ohun tí yóò mú kí wọ́n rí i bí ẹni tí ojú ń kán. Mo ti lé ní ogún ọdún nínú iṣẹ́ yìí ní Ìlọrin níbí, mo sì ti fọ̀rọ̀ wá ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́nu wò. Ọmọ tí kò tíì wọlé, tó ti ń béèrè owó, a máa ń fura sí i. Kí ó yá owó lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀, bí Ọlọ́run bá sì fún un níṣẹ́, kí ó san án padà.

Ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kọ pé:

Mà, ẹ má bínú, mo gbà pé ẹ jù mí lọ, mi ò sì jiyàn pé ọ̀nà tí èèyàn gbà béèrè lè ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú òfin wa tó ní kí ilé-iṣẹ́ san owó ọkọ̀ ẹni tó wá wáṣẹ́, nítorí náà bí èèyàn kò bá béèrè, kò sẹ́ni tí yóò rántí. Èmi kò kọ pé "ẹ fún mi lówó." Ohun tí mo kọ sí akọ̀wé wọn ni pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ yín ní ètò kankan fún owó ìrìn-àjò àwọn tó ń bọ̀ láti ìpínlẹ̀ mìíràn? Bí kò bá sí, n óò wá bí a ṣe ṣe àdéhùn." Gbólóhùn kejì yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró, nítorí ó fi hàn pé wíwá mi kò so mọ́ owó. Wọ́n dáhùn pé àwọn máa ń san án padà fún ẹni tó bá mú rìsíìtì wá. Mo tún béèrè bóyá a lè fi Zoom ṣe ìpele àkọ́kọ́. Wọ́n kọ ìyẹn, kò sì bí mi nínú.

Àlàájà Agbẹjọ́rò kọ pé:

Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ṣe kọ ọ́, mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ó fi gbólóhùn kejì náà sí i. Èyí tí ó jọ mí lójú jù ni ti Zoom: bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní ìpele méjì, kò sí ohun tó burú nínú pé kí wọ́n fi fídíò ṣe ti àkọ́kọ́. Kí ó ṣáà má jókòó sí abẹ́ fáànù tó ń dún, kí ó sì ra dátà tó tó.

Ọmọ Ọ̀fà ní Chicago kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbi tí mo wà, kì í ṣe pé kí ẹ fi gbà á bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò ńláńlá máa ń kọ́kọ́ rí akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tàbí lórí fídíò, ẹni tó bá sì yege ni wọn yóò pè sí ọ́fíìsì. Ìpè kejì yìí ni wọ́n ń pè ní callback, àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ló sì sábà máa ń san owó bàálù, hòtẹ́ẹ̀lì, takisí àti oúnjẹ níbẹ̀.

Ibi tí ó ti bá ọ̀rọ̀ wa mu ni pé, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ìrìn-àjò kan lọ rí ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ní ìlú kan náà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò pín owó náà. Ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ gbígba agbẹjọ́rò síṣẹ́ níbí, tí wọ́n ń pè ní NALP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1971, ṣe fọ́ọ̀mù fún irú ìpínwó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé bàálù àti hòtẹ́ẹ̀lì jẹ́ 900 dọ́là: 300 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò san. Ṣùgbọ́n takisí tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan, ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ló ni ín.

Ohun tó ń ba orúkọ àwọn ọmọ kan jẹ́ ni kí wọ́n fi rìsíìtì kan gba owó ní pípé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ méjì. Àwọn akọ̀wé ilé-iṣẹ́ mọ ara wọn, wọ́n sì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó gba èèyàn sí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò níbí, wọ́n máa ń ṣèwádìí ìwà rẹ̀. Ṣé nítorí owó bàálù ni èèyàn yóò ṣe wá di ẹni tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀? Nítorí náà, àbúrò, bí méjì nínú àwọn mẹ́ta yẹn bá gbà láti san owó ọkọ̀, sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìrìn-àjò kan ni, kí wọ́n pín in.

Agùnbánirọ̀ Òmù-Àrán kọ pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N óò kọ lẹ́tà náà lálẹ́ òní. Mo fẹ́ mọ ọ̀nà tó dára jù. Ẹnì kan ní kí n wá sí Ìlọrin wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kí n wá wọ rélùwéè láti Móníyà. Ẹ̀gbọ́n mi kan sì wà ní Festac tí mo lè sùn sí.

Arìnrìn-àjò Geri Àlímì kọ pé:

Rélùwéè Ìbàdàn sí Èkó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 dára fún ẹni tó bá ń gba Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ bọ̀ láti Ìlọrin, nítorí kí o tó wọ àárín ìgboro Ìbàdàn ni ìwọ yóò ti kan Móníyà. Àkókò tí ọkọ̀ náà ń gbéra kò pọ̀ lóòjọ́, nítorí náà bí o bá pẹ́ lọ́nà, o ti sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì nù. Ìwọ tí o wà ní Òmù-Àrán, kí lo ń lọ ṣe ní Ìlọrin? Yà ní Àjàṣẹ́, gba Ọ̀fà lọ sí ìlú yín ní Ìkìrun, kí o sùn sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kejì, kí o gba Òṣogbo àti Gbọ̀ngán dé Ìbàdàn, kí o sì bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó. Oorun ọ̀fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan, oúnjẹ ọ̀fẹ́, ìrìn-àjò náà yóò sì pín sí méjì.

Festac tí o sọ yẹn, ìyẹn gan-an ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni rélùwéè aláwọ̀ búlúù ti ń ná Mile 2 sí Marina, Mile 2 kò sì jìnnà sí Festac. Ra káàdì Cowry tí wọ́n fi ń san owó rẹ̀, kó owó sí i lálẹ́, bọ́ sílẹ̀ ní Marina, ibẹ̀ ni ìwọ yóò ti wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Victoria Island, ìwọ yóò sì ti yẹ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ àwọn tó ń wọ Erékùṣù ní òwúrọ̀. Ti Ìkẹjà ni yóò nira díẹ̀ láti Festac. Tètè jáde.

Nípa aṣọ: má wọ kóòtù dúdú náà sínú ọkọ̀. Nígbà tí mo lọ, ìyá kan tó jókòó tì mí gbé garawa epo pupa sáàárín ẹsẹ̀ wa, ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, kòtò kan ṣoṣo lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì sọ ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi di àwọ̀ oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ìyá náà bẹ̀ mí títí, ó fún mi ní ẹyin sísè méjì. Ẹyin náà dùn, ṣùgbọ́n mo ra ṣẹ́ẹ̀tì mìíràn ní Ọ̀jọ́ta ní ìlọ́po méjì iye tí mo lè rà á nílé. Wọ aṣọ ìrìn-àjò, ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ sínú ìwé ìròyìn kí o fi nylon bò ó, kí o sì mú méjì dání.

Lọ́yà Garki kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti ọ́fíìsì, nítorí gbogbo yín ti fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Àbúrò, má ṣe kọ "ibikíbi." Ẹni tó ka fọ́ọ̀mù náà kò ní rò pé ara rẹ yá, ohun tí yóò rò ni pé o kò tíì wádìí ohun tí ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Kọ ibi kan, kí o sì fi gbólóhùn kan sọ ìdí rẹ̀. Bí èkejì náà bá tẹ́ ọ lọ́rùn, fi hàn pé èyí àkọ́kọ́ lo fẹ́ jù, ṣùgbọ́n pé o ṣetán láti gba èkejì.

Àbújá àti Èkó kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Níbi tí mo wà, Kóòtù Gíga Jù Lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, olú ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ kọ́ńpìnnì sílẹ̀ wà ní Maitama, gbogbo mínísírì àti àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù àti epo rọ̀bì ló wà níbí. Nítorí náà ẹjọ́ ìbò, ẹjọ́ tó ti dé òkè pátápátá, àti ìwé tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín kọ́ńpìnnì àti ìjọba ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ní Èkó, àwọn báńkì, ọjà ìpín ìdókòwò ní Marina, àti èbúté Àpápá ló ń mú iṣẹ́ wá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àṣẹ kóòtù mú ọkọ̀ òkun, Kóòtù Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìkòyí ni kí ó máa lọ. Ilé-iṣẹ́ ti Ìkẹjà tó pè ọ́ sún mọ́ kóòtù gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ó sì ṣeé ṣe kí o tètè dìde dúró níwájú adájọ́ níbẹ̀ ju ti Victoria Island lọ, níbi tí o lè lo ọdún méjì lórí ìwé àdéhùn láìfi wíìgì kan orí.

Béèrè ohun kan tí àwọn ọmọ kì í béèrè: agbẹjọ́rò mélòó ló ń jókòó ní ọ́fíìsì ti Àbújá yẹn ní tòótọ́? Èmi gba iṣẹ́ kan rí ní "ọ́fíìsì Àbújá" ilé-iṣẹ́ kan tó gbayì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, yàrá kan ni, pẹ̀lú akọ̀wé kan, tábìlì méjì, àti fáìlì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti Èkó pé kí n lọ fi sílẹ̀ ní kóòtù. Oṣù mẹ́jọ gbáko, kò sí ọ̀gá kankan tó ka ohun tí mo kọ kí ó fi bírò pupa tún un ṣe. Ọmọ tuntun nílò bírò pupa yẹn ju owó oṣù lọ, ìdí nìyẹn tí n kò fi ní yan ọ́fíìsì nítorí pé ìlú rẹ̀ dára lójú.

Tún béèrè ẹni tó ń san owó ọdọọdún tí agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ san kí oṣù kẹta tó parí, ìwọ tàbí àwọn. Bí o bá sì yan Àbújá, tí wọ́n sì ní kí o wá síbí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, má gba ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ àti Kàbà lẹ́yìn tí oòrùn bá ti ń wọ̀, nítorí àwọn ajínigbé. Sọ fún wọn kí wọ́n fún ọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kí o lè rin ọ̀nà ní ojúmọmọ.

Lọ́yà Ọ̀nà Táíwò kọ pé:

Ẹ má gbàgbé Ìlọrin o. Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kóòtù gíga ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, àti Kóòtù Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Sharia ló wà níbí, owó ilé kò sì pọ̀ tó ti Èkó. Mo ṣáà sọ ọ́ ni, nítorí àwọn ọmọ wa ń sá lọ.

Agùnbánirọ̀ Òmù-Àrán kọ pé:

Mo padà wá jíṣẹ́. Victoria Island kò yí ọjọ́ wọn padà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, agogo mọ́kànlá. Ìkẹjà gbà láti rí mi ní Ọjọ́bọ̀, agogo méjì ọ̀sán. Ilé-iṣẹ́ kẹta, mo kọ Èkó sínú fọ́ọ̀mù wọn, mo sì ṣàlàyé pé ẹjọ́ ọkọ̀ òkun ni mo kọ ìwé àṣekágbá mi lé lórí. Wọ́n ní kí n wá ní Ọjọ́rú. Nígbà tí mo béèrè iye agbẹjọ́rò tó wà ní Àbújá, akọ̀wé wọn rẹ́rìn-ín, ó ní méjì. Àyè tí mo tọrọ lọ́wọ́ àjọ agùnbánirọ̀ ti jáde. Ìkẹjà dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀, Victoria Island ní àwọn kì í san, ilé-iṣẹ́ kẹta ní kí n mú rìsíìtì wá. Mo ti sọ fún wọn pé ìrìn-àjò kan náà ni mo fi ń rí àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì ní ìdajì ni àwọn yóò san. Ibi tó kù tó ń ṣe mí bákan ni rìsíìtì: bọ́ọ̀sì tí mo fẹ́ wọ̀ ní gáréèjì Òṣogbo, ṣé wọ́n ń fún èèyàn ní ìwé?

Arìnrìn-àjò Geri Àlímì kọ pé:

Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ń fúnni. Bí o bá wọ ti gáréèjì, ra ìwé rìsíìtì kékeré kan lọ́jà, kọ iye owó, ọjọ́ àti nọ́ńbà ọkọ̀ sí i, kí o ní kí ẹni tó ń gba owó fọwọ́ sí i kí ọkọ̀ tó kún. Bí ọkọ̀ bá ti kún, kò sẹ́ni tí yóò dá ọ lóhùn mọ́.